Lẹ́yìn "A Dúpẹ́"

Òjò ló lé mi kúrò ní yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Páànù ilé wa ní Ìjàrẹ ti ń jò láti bí oṣù mélòó kan, orí bẹ́ẹ̀dì tí mo máa ń sùn bí mo bá wálé gan-an ni omi ń kán sí. Mo ká ẹní mi, mo gba yàrá Màmá lọ, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin wọn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí èmi àti wọn ti sùn nínú yàrá kan náà kẹ́yìn. A sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iṣu tuntun, nípa ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ, oorun sì gbé wa lọ.

N kò mọ ohun tó jí mi. Òjò ti dá, ilé dákẹ́. Mo ṣáà lajú, mo sì rí Màmá ní ìdúró nínú òkùnkùn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di irin orí bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n tẹ gìgísẹ̀ òsì mọ́ sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń fi agbára gbé ìka ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń mí gúlegúle bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Wọ́n ń sọ nǹkan kan lábẹ́ ẹnu. Mo tẹ́tí, mo gbọ́: "Ó tó. Ó tó báyìí. Ó ti tó." Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀, bí a ṣe ń bẹ ọmọ tí ń ké.

Mo tan iná fóònù. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun wọn ti ta kókó lábẹ́ awọ, ó ga sókè, ó tó ẹyin adìyẹ, ó sì ń gbọ̀n wìnnìwìnnì bí ẹni pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń wá ọ̀nà àtijáde. Mo ní, "Màmá, kí ló dé?" Wọ́n ní kí n pa iná, kí n sùn, pé pajápajá lásán ni. Mo fọwọ́ kàn án, ó le bí igi. Mo mú wọn jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan mi, mo rọra ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sókè, kí ìka ẹsẹ̀ lè kọjú sí ojúgun, títí kókó náà fi tú. Gbogbo rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Màmá dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n sùn. Èmi ni n kò sùn mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá tó ń ta àkàrà ní ojúlé kejì yà kí wọn. "Ẹ jíire o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Màmá dáhùn kíá: "A dúpẹ́ o. A sùn, a jí." Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo ń run orín, mo sì dáwọ́ dúró. Wọn kò purọ́. Wọ́n sùn lóòótọ́, wọ́n sì jí. Ṣùgbọ́n mo ro iye ọdún tí èmi fúnra mi ti fi ń bi wọ́n ní ìbéèrè yìí lórí fóònù láti Àkúrẹ́, tí wọ́n ń fi "a dúpẹ́" dá mi lóhùn, tí mo sì ń lọ síbi iṣẹ́ mi pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé mo ti béèrè àlàáfíà ìyá mi.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Òwe yìí ni mo kọ́kọ́ bá jà lọ́kàn mi. Ohun tó ń dun ìyá mi kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn rárá. Orúnkún wà níbẹ̀, a ti gbọ́ ti orúnkún dáadáa. Ojú tó ń ṣe bàìbàì wà níbẹ̀. Owó ìpàdé, páànù tó ń jò, ẹni tó gé igi lórí ilẹ̀ wa láìtọrọ, gbogbo ìwọ̀nyí ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n pajápajá tó ń jí wọn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Mo wá ń rò pé bóyá ìrora ojúmọmọ ni òwe náà ń sọ. Ti òru yàtọ̀. Ìrora tó bá bá ni lójú oorun, tí kò sì fi àpá kankan sílẹ̀ di àárọ̀, èèyàn kì í mọ ibi tí yóò ti mú ìtàn rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà rèé, kò wú, kò bó, ó ń gbé ẹni tó ni ín lọ sọ́jà. Kí ni kí èèyàn nàka sí?

Mo bi wọ́n nígbà tí a ń jẹun. Mo ní ìgbà wo ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ìgbà tí mo lóyún rẹ ni." Wọ́n ní nígbà tí oyún mi wọ oṣù keje, bí àwọn bá ti na ẹsẹ̀ lójú oorun báyìí, iṣan á fà, àwọn á pariwo, bàbá mi á fò dìde, á di ẹsẹ̀ náà mú, á máa ti ìka ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, ó lọ. Ó tó ọgbọ̀n ọdún kó tó tún padà dé. Nígbà tó padà dé, bàbá mi ṣì wà láyé, wọ́n sì tún ń ṣe é bíi ti àtijọ́. Ẹ̀yìn tí bàbá kú ni Màmá kọ́ bí a ṣe ń dìde dúró fúnra ẹni nínú òkùnkùn.

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iye iṣu tó wà nínú abà. Ọ̀fun mi ni òkèlè há sí. Mo ti rò pé mo mọ gbogbo ohun tí ikú bàbá mi gbà lọ́wọ́ wọn: ẹni tí ń bójú tó oko kòkó, ẹni tí wọ́n jọ ń jiyàn lórí ohun tí rédíò sọ, ẹni tí ń lọ jókòó fún wọn ní ìpàdé ẹbí. N kò mọ̀ pé ó tún gba ọwọ́ tí ń na ẹsẹ̀ wọn lóru. Ẹni tí a bá jọ ń sùn ló mọ bí a ṣe ń sùn. Bí onítọ̀hún bá lọ, òru ẹni á di àṣírí láìjẹ́ pé a fẹ́ fi pamọ́, nítorí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti lọ.

Mo rántí ti èmi náà. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. A ti ń ru kòkó láti ìdí igi wá síbi tí wọ́n ti ń là á, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nínú oòrùn oṣù Kọkànlá. Lóru, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún fà. Mo figbe ta. Ẹ̀rù tó wà nínú igbe náà ju ìrora lọ, nítorí mo rò pé egungun ló ṣẹ́. Gbogbo ilé jí. Ìyá àgbà gbé òrí wá, ẹ̀gbọ́n mi gbé àtùpà, bàbá mi gbá ẹsẹ̀ mi mọ́ àyà bí ẹni gbá ọmọ tuntun mọ́ra. Ẹnì kan ṣí ìpara Aboniki, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Nígbà tí ìrora ti lọ tán pàápàá, kò sẹ́ni tó padà lọ sùn. Wọ́n jókòó yí mi ká, kálukú ń sọ tirẹ̀, ẹni tí iṣan rẹ̀ fà lórí ọ̀pẹ, ẹni tí tirẹ̀ fà láàárín odò. Àárín ohùn wọn ni oorun ti tún gbé mi.

Mo ti ń wá ọjọ́ tí èèyàn ń dẹ́kun igbe yẹn. Lójú ìyá mi, wọn kò ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí ohun ńlá. Wọ́n ní bí àgbàlagbà bá ké ní ọ̀gànjọ́, àwọn ará àdúgbò á rò pé olè ni tàbí òkú, wọn á gbé àdá jáde, gbogbo ènìyàn á sì dìde lójú oorun nítorí ẹsẹ̀ kan tí yóò dára kí wọ́n tó débẹ̀. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Obìnrin tí àwọn ọmọ ìjọ ń kúnlẹ̀ kí lọ́sàn-án ni òru ń gbé dìde ní aago méjì, tí ó ń fi irin bẹ́ẹ̀dì ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀, tí ó sì ń bẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nígbà tí ìyá alákàrà gbọ́, èmi ni mo sọ fún un, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n má fojú lásán wò ó, pé ohun tó ń mú èèyàn lẹ́sẹ̀ lóru ní ẹni tó rán an. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, n kò sì bá a jiyàn. Ní Ìjàrẹ, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tó dúró lé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àrá pa màlúù 36 lórí Òkè Ọwá, ìròyìn náà sì kàn jákèjádò Nàìjíríà. Àwọn àgbà ìlú sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé ibi ọ̀wọ̀ ni orí òkè náà, pé Olújàrẹ, ọba ìlú, ló ń gun ún lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ọdún iṣu tuntun, pé ẹran ọ̀sìn kò níṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ibi gíga ni àrá máa ń wá, pé iná rẹ̀ gba inú ilẹ̀ tútù wọ ẹsẹ̀ àwọn ẹran náà. N kò ní dá ẹjọ́ yẹn. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa pajápajá, àrá yẹn ló wá sí mi lọ́kàn.

Iná ni, ṣùgbọ́n èyí kéré. Iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹran ara, iná tín-ín-rín ló ń gbé iṣẹ́ náà. Bí a bá fẹ́ rìn, iná náà á kọ, ẹran ẹsẹ̀ á súnkì. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á rọ̀. Lóru, nígbà mìíràn, iná náà á máa kọ láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá dùbúlẹ̀, ìka ẹsẹ̀ máa ń dojú kọ ìsàlẹ̀, aṣọ ìbora tún ń tì í mọ́lẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á ti kúrú kí ohunkóhun tó dé bá a. Iná díẹ̀ ló kù kó di kókó. Ìdí rèé tí fífa ìka ẹsẹ̀ wá sókè fi ń tú u: ẹran tí a bá fà gùn, ó ṣòro fún un láti wà ní kókó. Bàbá mi kò ka ìwé kankan lórí rẹ̀, ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n.

Èdè wa pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan, ó pe okùn tó so ẹran mọ́ egungun ní iṣan, ó sì tún pe ohun tí ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ ní iṣan. Nígbà kan, mo máa ń rò pé àìnító ọ̀rọ̀ ni. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí Màmá ní "iṣan ló fà," gbogbo ohun tí dókítà yóò yẹ̀ wò ló ti wà nínú gbólóhùn kan yẹn: bóyá ẹ̀jẹ̀ ni, bóyá ẹran ni, bóyá okùn iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ó kù kí ẹnì kan gbọ́ gbólóhùn náà.

Mo lo ọjọ́ mẹ́rin sí i ní Ìjàrẹ. Mo ń wo Màmá báyìí bí ẹni tí kò rí wọn rí. Ní ọjọ́ kejì mo ṣàkíyèsí pé ife omi tí mo gbé fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ṣì wà níbi tí mo gbé e sí. Ní ọjọ́ kẹta, bákan náà. Mo béèrè. Wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní, "Bí mo bá mu omi, màá tọ̀. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, màá jáde. Bí mo bá jáde, màá ṣubú." Mo bá ojú wọn lọ. Ṣálángá wa wà ní ìkángun ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn igi ọ̀gẹ̀dẹ̀; òkúta tí a tò sójú ọ̀nà ti yọ̀ látàrí òjò; iná ìjọba kì í sábà wà. Ó ti tó ọdún kan tí Màmá kì í ti í mu omi mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àfi ìwọ̀nba tí wọ́n fi ń gbé oògùn mì. Omi ò lọ́tàá, a máa ń wí i. Ìyá mi sì ti sọ omi di ọ̀tá nítorí ìbẹ̀rù òkúta mẹ́fà tó ń yọ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Màmá fínra, ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n ń lò fún un sì jẹ́ èyí tí ń mú èèyàn tọ̀, tí ń fa omi àti iyọ̀ kúrò lára. Oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n fi ń rántí oògùn, nítorí náà alẹ́ ni wọ́n ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹ wò ó: ara tí kò rí omi tó láti ìrọ̀lẹ́, oògùn tí ń lé omi jáde lóru, ẹsẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sán. Mo gbé wọn lọ rí dókítà ní Àkúrẹ́. Ó ní kì í ṣe gbogbo pajápajá ni àìmu omi ń fà, pé ọjọ́ orí nìkan tó láti fà á, nítorí bí a ti ń dàgbà ni okùn iṣẹ́ ọpọlọ tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ń dín kù, tí ẹran ibẹ̀ sì ń kúrú. Ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn láti wo iyọ̀ ara, ṣúgà àti iṣẹ́ kídìnrín. Ó yí oògùn tí ń mú ni tọ̀ sí òwúrọ̀. Ó sì kìlọ̀ fún mi gidigidi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pajápajá, pé ohun tí yóò ti ibẹ̀ wá burú ju ẹsẹ̀ tó fà lọ.

Ó tún béèrè àwọn ohun kan tí n kò ronú kàn. Ṣé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń wú, tó ń gbóná, tí ìrora rẹ̀ kì í lọ? Èyí lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan, kò sì yẹ kí ẹni tó ní in sùn mọ́jú nílé. Ṣé ìgbà tí wọ́n bá ń rìn ni ó ń dun wọ́n, tí ó ń dáwọ́ dúró bí wọ́n bá sinmi? Èyí lè túmọ̀ sí pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ń dí. Ó ní tó bá jẹ́ ọmọdé ni, tí ẹsẹ̀ ń ro ó lóru léraléra, kí òbí má kàn fi òróró pa á, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ SS ló ní. Mo ń gbọ́, mo ń ro iye ilé tí wọ́n ti ń fi orúkọ kan ṣoṣo, pajápajá, bo gbogbo nǹkan wọ̀nyí mọ́lẹ̀ títí di àárọ̀.

Ìmọ̀ràn àwọn ènìyàn pọ̀, ìfẹ́ ló sì wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹnì kan ní kí Màmá máa lá iyọ̀. Iyọ̀ kọ́ ni ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń lá. Ẹnì kan ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò wọ́n wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Ọkùnrin kan ní kẹ́mísì fẹ́ ta kuníìnì fún wa, ó ní ohun tí àwọn bàbá àwọn ń lò nìyẹn. Mo lọ kà nípa rẹ̀. Kuníìnì máa ń dín pajápajá kù díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè ba ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jẹ́, ó sì lè da lílù ọkàn rú. Nítorí rẹ̀ ni àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà fi fòfin de títà á láìsí ìwé dókítà fún ìṣòro yìí ní ọdún 1994, tí wọ́n sì tún kìlọ̀ lé e lórí ní 2006. Màgínísíọ̀mù tí wọ́n ń polówó kiri, àwọn olùwádìí àjọ Cochrane ti kó ìwádìí jọ lórí rẹ̀ ní 2012 àti 2020, wọ́n sì rí i pé kò jọ pé ó ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. N kò ra ọ̀kankan.

Ohun tí a mú ni èyí tí kò gba owó. Kí Màmá tó sùn, wọ́n á dúró kọjú sí ògiri, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í, ẹsẹ̀ kan á wà níwájú, èkejì lẹ́yìn, gìgísẹ̀ ti ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n á wá rọra tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn ojúgun yóò fi nà. Wọ́n á dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ní Nẹ́dálándì, ní ọdún 2012, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọgọ́rin ènìyàn tó ti lé ní ọmọ ọdún 55. Àwọn tó na ẹsẹ̀ báyìí kí wọ́n tó sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí i pé pajápajá wọn dín kù, kò sì le tó ti tẹ́lẹ̀. Ìwádìí mìíràn wà láti Ìlú Ọba ní 2005 tí ó ní kò ṣe àǹfààní kankan. Ìwádìí méjì, ẹnu méjì. Mo sọ ọ́ fún Màmá bó ṣe rí. Wọ́n ní ṣé nínà ẹsẹ̀ náà lè pa èèyàn? Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n máa nà án."

Àbá kan tún wà tó ń yí mi lọ́kàn, pé àwọn tó ń lóṣòó déédéé kì í sábà ní pajápajá òru, nítorí lílóṣòó ń na iṣan gìgísẹ̀ lójoojúmọ́. Àbá ni, n kò lè búra sí i. Ṣùgbọ́n mo rántí Màmá nínú oko, ní ìlóṣòó níwájú òkìtì kòkó, láti òwúrọ̀, tí wọ́n ń yọ hóró láìdìde. Mo rántí wọn nídìí àdògán. Àwa ọmọ la ra àga fún wọn, a ra sítóòfù onígáàsì tó ga dé ìbàdí, a ní kí wọ́n má lóṣòó mọ́, pé ìyà ti tó. Orúnkún wọn kì bá tí gba ìlóṣòó mọ́ lónìí bó ti wù kó rí. Síbẹ̀, mo ti ń ṣọ́ra báyìí kí n tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn ní orúkọ ìsinmi.

Mo ra póò oníderí, mo ra fìtílà tí ń gba iná lára oòrùn, mo gbé e sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìtìjú mú Màmá nígbà tí wọ́n rí póò náà. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe aláìsàn. N kò fèsì, mo kàn gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ife omi tó wà lórí àga ti gbẹ.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé. Láàárín oṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni pajápajá mú wọn. Mo ti jókòó, mo ti rò ó, n kò sì mọ èyí tó ṣe é: omi ni, oògùn tí a yí sí òwúrọ̀ ni, ògiri tí wọ́n ń tì lálaalẹ́ ni, tàbí pé òjò ti lọ, iṣẹ́ oko sì dín kù. Ó ṣeé ṣe kó padà tó bá wù ú. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni bí mo ṣe gbọ́ nípa ẹ̀ẹ̀mejì náà. Màmá ni wọ́n sọ fún mi. Mo pè láti Àkúrẹ́, mo ní ṣé wọ́n sùn dáadáa, wọ́n ní a dúpẹ́. Mo dákẹ́, n kò fi fóònù sílẹ̀. Mo tún ní, "Màmá, ẹsẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n náà dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ó mú mi lánàá, ní bí aago mẹ́ta. Ti òsì yẹn náà ni. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́."

Mo ti wá rí i pé ìbéèrè àárọ̀ wa, ìkíni ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kí a tó béèrè. Kò sí àgbà tí yóò ti ìdí ìkíni bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrora òru rẹ̀ fún ọmọ tó wà lórí ìdúró, tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn. "A dúpẹ́" yẹn dára, ọpẹ́ kì í pọ̀ jù, n kò sì fẹ́ kí ìyá mi ṣíwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, pàápàá èyí tó ń dá yàrá sùn, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá kí wọn láàárọ̀ ọ̀la tí wọ́n dúpẹ́, ẹ má tíì dìde. Ẹ bi wọ́n léèkejì. Ẹ bi wọ́n nípa ẹsẹ̀, nípa omi, nípa ìgbà tí wọ́n ń lo oògùn, nípa ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kí ẹ sì jókòó dúró de ìdáhùn.